Ẹni Tí Yóò Lọ Sinmi ní Kùmásì, Ọjọ́ Ọba Ni Kí Ó Kọ́kọ́ Béèrè

Bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Òwe àgbà ni, ṣùgbọ́n ìran òde òní ti dojú rẹ̀ kodò. Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí owó ìsinmi kó jọ lónìí, oko tí ó jìnnà jù lọ ni ó máa ń fẹ́ dé. Yóò tò síwájú ilé aṣojú ìjọba òyìnbó láti gba físà, yóò san owó tí kò ní padà sọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ kọ̀ fún un, yóò sì lọ fi ọ̀sẹ̀ méjì wo afárá àti ilé gogoro tí ó ti rí nínú tẹlifíṣàn tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlú ọba kan wà nítòsí tí kò béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, tí mọ́tò lè gbé ènìyàn dé, tí ìlù ọba kò tíì dákẹ́ nínú ààfin rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ṣakí sì ní ìtàn tí wọn kò tíì sọ tán nípa rẹ̀. Kùmásì ni orúkọ rẹ̀, olú-ìlú àwọn Àṣáńtì ní orílẹ̀-èdè Gánà.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi gbogbo ìsinmi wọn sí Àkírà létí òkun, wọ́n á wá gé ọjọ́ kan péré fún Kùmásì. Wọ́n á jí lọ ní ìdájí, wọ́n á ya fọ́tò níwájú ààfin, wọ́n á ra aṣọ kẹ́ńtè, wọ́n á sì padà lóru. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ògiri ni ó rí, kò rí ìlú. Kùmásì ń fẹ́ ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán, ó sì ní ìlànà tí ètò ẹni gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé.

Ìlú abẹ́ igi kum

Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àwọn Àṣáńtì, ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Osei Tutu àti àwòrò ńlá rẹ̀, Okomfo Anokye, so àwọn ìlú tí ó wà káàkiri inú igbó náà pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Anokye gbin igi kum sí ibi méjì. Ibi tí igi bá ti hù ni yóò di olú-ìlú. Èyí tí ó gbìn sí Kwaman ló hù, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Kumase, èyíinì ni abẹ́ igi kum. Ní ọjọ́ Jimọ̀ kan, wọ́n ní àwòrò náà pe àga wúrà kan sọ̀kalẹ̀ láti ojú ọ̀run, ó sì bà lé Osei Tutu lórúnkún. Sika Dwa Kofi ni wọ́n ń pe àga náà, nítorí Kofi ni orúkọ ọmọkùnrin tí a bá bí ní ọjọ́ Jimọ̀. Ọba kì í jókòó lórí rẹ̀. Ẹ̀mí gbogbo Àṣáńtì, òkú, alààyè àti èyí tí a kò tíì bí, ni wọ́n gbà pé ó wà nínú àga yìí.

Ẹni tí ó bá ti rí Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀ kò ní ṣe hàà nígbà tí ó bá dé ọgbà ilé ìwòsàn ńlá tí a fi orúkọ Anokye sọ. Níbẹ̀ ni idà tí wọ́n ní Anokye fi gún ilẹ̀ wà títí di òní, tí ó rì wọlẹ̀ tí ó ku èkù rẹ̀ lókè. Wọ́n ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fà á yọ ni ìṣọ̀kan Àṣáńtì yóò tú. Kì í ṣe pé wọ́n gbé idà wá sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn tí a kọ́ ní àwọn ọdún 1950 ló wá bá idà nílé. Ní Kùmásì, ohun àtijọ́ kì í yà lọ́nà fún ti ìsinsìnyí.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá tí a kò gbàgbé

Kí ọmọ Yorùbá tó di ẹrù, kí ó rántí pé kì í ṣe òun ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Nígbà tí ojú irin láti Sekondi dé Kùmásì ní ọdún 1903, tí kòkó sì ń sọ ilẹ̀ Àṣáńtì di ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, àwọn oníṣòwò Yorùbá tẹ̀ lé owó débẹ̀. Wọ́n tẹ̀dó sí Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, wọ́n ń ta aṣọ àti ọjà wẹ́wẹ́ oríṣiríṣi, wọ́n sì bí ọmọ tí ó gbọ́ èdè Twi ju Yorùbá lọ. Alata ni àwọn ará ìlú ń pè wọ́n, alata samina sì ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú jákèjádò Gánà títí di òní. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ni, alátà, ẹni tí ń ta ata. Àwọn mìíràn ní láti ara orúkọ ìlú Àlàdá ní ilẹ̀ Benin ni ó ti wá. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, àlejò tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọlọ́ṣẹ kò gbọdọ̀ rò pé èébú ni.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969 dé. Ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé gbogbo àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Ẹni tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Kùmásì kò rí ẹni ra ilé rẹ̀, àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó kò dáhùn mọ́, ọjà tí ó kún inú ṣọ́ọ̀bù di ohun tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ yánturu. Ọkọ̀ ẹrù ń já ènìyàn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, ọmọ wẹ́wẹ́ sì ń wọ ilé bàbá tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà ṣe tirẹ̀. Ìjọba Alhaji Shehu Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, àwọn ọmọ Gánà tí wọ́n fojú bù sí mílíọ̀nù kan sì di ẹrù wọn sínú àpò onílà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ghana Must Go.

Ìdí nìyí tí ìsinmi ní Kùmásì kò fi dà bí ìsinmi ibòmíràn fún ọ̀pọ̀ Yorùbá. Ọmọ tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n lé àwọn òbí rẹ̀ ní 1969 ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún dáadáa báyìí. Òun ni ó kù tí ó lè nàka sí ojú pópó kan kí ó ní ibí ni ìyá òun ti ń pàtẹ aṣọ. Ọjọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá papò dà, ilé náà di ilé kan láàárín ẹgbẹ̀rún ilé. Ìdílé tí ó bá ṣì ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fi ìrìn-àjò náà dọ́la. Kí wọ́n mú un dání bí ara rẹ̀ bá gbé e. Kí wọ́n mú fọ́tò àtijọ́, kí wọ́n sì kọ orúkọ àdúgbò, orúkọ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ, àti orúkọ àwọn aládùúgbò sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Bí wọ́n bá dé Zongo, ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ: kí wọ́n má ṣe dé ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí ó wá gba ilé, kí wọ́n dé bí ọmọ tí ó wá kí ilé. Ẹni tí ń gbé ibẹ̀ lónìí lè má tíì dáyé ní 1969.

Ogójì ọjọ́ tí ó jẹ́ méjìlélógójì

Ìlànà àkọ́kọ́ ni pé kí ènìyàn má ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó mọ ọjọ́ Akwasidae. Ọjọ́ Àìkú kan ni, tí ó ń yí po ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, tí ọba Àṣáńtì ń fi rántí àwọn baba ńlá rẹ̀. Àwọn Akan ní ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́fà láti àtijọ́, wọ́n sì ní ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Bí méjèèjì bá ṣe ń rìn lọ, ọjọ́ 42 ni wọ́n fi ń padà pàdé. Adaduanan ni wọ́n ń pe ìyípo yìí, tí ó túmọ̀ sí ogójì ọjọ́. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí ọjọ́ mẹ́rin ni ọjà ọrọọrún ilẹ̀ Yorùbá fi ń yí po, síbẹ̀ ọrún ni a ń pè é. Ẹni tí ó bá ti mọ ọjọ́ Akwasidae kan ṣoṣo lè máa ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà síwájú títí yóò fi bá ọjọ́ tí ìsinmi rẹ̀ bọ́ sí. Síbẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ààfin kí ó tó sanwó, nítorí ọba lè rin ìrìn-àjò, ọ̀fọ̀ sì lè ṣẹ̀.

Kí ogunlọ́gọ̀ tó rí ọba lọ́jọ́ náà, a ti kọ́kọ́ gbé oúnjẹ àti ohun mímu fún àwọn baba ńlá ní ibi tí ojú àlejò kì í dé. Lẹ́yìn èyí ni Otumfuo Osei Tutu Kejì, tí ó gorí ìtẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 1999, yóò jáde sí gbàgede ààfin Manhyia lábẹ́ agboòrùn ńlá, pẹ̀lú wúrà lọ́wọ́ àti lọ́rùn. Ìlù fontomfrom yóò máa dún, fèrè yóò máa ké, àwọn ìjòyè yóò sì máa kọjá níwájú rẹ̀ láti kí i. Ọba kì í bá àlejò sọ̀rọ̀ tààrà. Okyeame, agbẹnusọ tí ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀tún sọ fún òsì.

Yorùbá tí ó mọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ yóò rí i pé ọ̀wọ̀ ní oríṣiríṣi aṣọ. Níwájú Asantehene, ọkùnrin Àṣáńtì á sọ aṣọ ìbora rẹ̀ kalẹ̀ ní èjìká, á sì bọ́ bàtà. Kí àlejò ṣí fìlà, kí ó má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kí ó má sì fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹgbẹ́ tàbí ìdílé kan bá fẹ́ lọ kí ìjòyè, ọtí ṣínáàpù ni wọ́n sábà máa ń mú lọ́wọ́.

Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni ọ̀nà máa ń gbẹ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ máa ń mú. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje ni òjò ń rọ̀ jù lọ, ẹrẹ̀ sì lè dí ẹni lọ́wọ́ láti dé àwọn abúlé.

Ọ̀nà àti ibùsùn

Láti Èkó dé Àkírà tó nǹkan bí 460 kìlómítà, gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu àti Lómé kọjá. Láti Àkírà dé Kùmásì tún tó 250 kìlómítà. Ẹni tí yóò gba ojú títì lọ kò gbọdọ̀ fi gbogbo rẹ̀ sí ọjọ́ kan. Kí ó sun Àkírà mọ́jú, kí ó wọ bọ́ọ̀sì lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́ lè wọ bàálù dé Àkírà, kí ó sì wọ òmíràn tí yóò gbé e dé pápákọ̀ òfuurufú Prempeh Kìíní ní Kùmásì láàárín wákàtí kan.

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wà ní Gánà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n àìgba físà kò túmọ̀ sí àìmú ìwé dání. Kí pásípọ́ọ̀tù pé, kí yẹ́lò káàdì wà nínú rẹ̀, kí arìnrìn-àjò sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ fún òun ní gbogbo ẹnubodè. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìn kọjá láti yẹra fún ìlà, òun ni yóò máa bẹ̀bẹ̀ nígbà tí ó bá ń padà. Kí ó pààrọ̀ owó sí sídì ní báńkì tàbí ilé ìpààrọ̀ tí ìjọba mọ̀, kí ó sì dá aago rẹ̀ padà ní wákàtí kan, nítorí aago Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà.

Ní ti ibùsùn, Adum ni àárín ọjà àti ariwo. Ahodwo àti Nhyiaeso ni àdúgbò tí ó tòrò. Ìdílé tí ó mú àgbà dání yóò gbádùn ibi tí ó tòrò. Kí wọ́n gba yàrá sílẹ̀ ní kùtùkùtù, nítorí àwọn ọmọ Àṣáńtì tí ń gbé òkè òkun náà máa ń wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ Akwasidae.

Bí ọjọ́ márùn-ún ṣe lè lọ

Kí àlejò dé ní Ọjọ́bọ̀, kí ó sinmi. Ní ọjọ́ Jimọ̀, kí ó lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Manhyia. Ààfin tí a kọ́ ní 1925 ni ilé náà, lẹ́yìn tí Prempeh Kìíní padà láti ìgbèkùn ní 1924. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú un lọ ní 1896, ó sì pẹ́ ní erékùṣù Seychelles kí ó tó padà. Ní 1995 ni wọ́n ṣí ilé náà fún gbogbo ènìyàn.

Ibẹ̀ ni àlejò yóò ti gbọ́ ìtàn ogun 1874. Àwọn ará Netherlands ti fi odi Elmina lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1872, Àṣáńtì sì ní àwọn kò gbà. Ogun dé, Garnet Wolseley wọ Kùmásì ní oṣù kejì ọdún 1874, ó jó ìlú, ó fọ́ ààfin, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì kó wúrà lọ. Ní ọdún 2024, ní àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn ogun náà, British Museum àti ilé àkójọ Victoria and Albert gbé ohun 32 padà wá sí Manhyia. Ṣùgbọ́n wọn kò dá wọn padà. Wọ́n yá wọn fún ọdún mẹ́ta ni, pẹ̀lú àyè láti fi mẹ́ta kún un. Olóhun ń yá ohun rẹ̀ lò lọ́wọ́ ẹni tí ó kó o. Ilé àkójọ Fowler ní Amẹ́ríkà ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: méje tí wọ́n gbé wá ní ọdún kan náà, wọ́n fi sílẹ̀ pátápátá. Ẹni tí wúrà yìí ń mú lọ, kí ó béèrè bóyá àwọn tí wọ́n yá ṣì wà níbẹ̀ kí ó tó gbéra.

Kí Yorùbá má ṣe dúró níbẹ̀ bí ẹni tí ọ̀ràn náà kò kàn. John Glover, tí ó ti ṣe gómìnà Èkó, wà nínú ogun 1874, àwọn ọmọ ogun Hausa tí ó ti Èkó kó wá sì tẹ̀ lé e dé Kùmásì. Nígbà tí Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, gbé ogun dìde ní 1900 nítorí pé gómìnà Gẹ̀ẹ́sì béèrè Àga Wúrà, ikọ̀ ológun Èkó ló wà lára àwọn tí ó já wọ ìlú láti gba àwọn òyìnbó tí wọ́n há mọ́ inú odi. Odi náà ṣì dúró láàárín ìlú, ó ti di ilé àkójọ ohun ogun báyìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti abúlé. Bonwire, nǹkan bí 20 kìlómítà sí Kùmásì, ni ìlú àwọn ahunṣọ kẹ́ńtè. Ìtàn wọn sọ pé ọ̀dọ̀ aláǹtakùn ni àwọn ọdẹ méjì ti kọ́ híhun. Ẹni tí ó bá mọ òfì Ìsẹ́yìn yóò dúró pẹ́ níbẹ̀, nítorí títínrín náà ni wọ́n ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀, ṣùgbọ́n àwòrán kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti ìtumọ̀ tirẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, UNESCO fi iṣẹ́ kẹ́ńtè kún àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dá sí. Ní Ntonso nítòsí, wọ́n ń gbẹ́ àmì sára igbá, wọ́n ń rẹ ẹ́ sínú aró tí a fi èèpo igi sè, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Adinkra nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí àlejò ṣọ́ aṣọ tí yóò wọ̀ jáde. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ ìsìnkú ní Kùmásì, dúdú àti pupa sì ni aṣọ ọ̀fọ̀. Ẹni tí ó bá wọ ańkárá pupa fòò lọ sí ọjà, wọ́n lè máa bá a kẹ́dùn lọ́nà.

Ọjọ́ Àìkú, Akwasidae. Ọjọ́ Ajé, adágún Bosomtwe, nǹkan bí 30 kìlómítà sí ìlú, tí òkúta láti ojú ọ̀run gbẹ́ ihò rẹ̀ ní ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Àwọn Àṣáńtì gbà pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí òkú ti ń dágbére fún òrìṣà Twi. Èèwọ̀ ni irin jẹ́ fún omi náà láti àtijọ́, nítorí náà pákó pẹrẹsẹ ni àwọn apẹja ń gùn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti ọjà Kejetia. Iṣẹ́ àtúnkọ́ ti yí ojú ọjà náà padà, ṣùgbọ́n àṣẹ rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ obìnrin. Ọjà kọ̀ọ̀kan ní ọbabìnrin tirẹ̀; ọbabìnrin oníṣu ni bayerehemma. Ìyálọ́jà èyíkéyìí láti Ìbàdàn yóò mọ̀ pé òun ti délé. Bí ebi bá dé, kí àlejò má retí fùfú kíkan bí ti ilé. Fufu Àṣáńtì kì í kan: ẹ̀gẹ́ tútù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń gún bí iyán, inú ọbẹ̀ omi tooro ni wọ́n sì ń gbé e sí.

Ní Ntonso, ọ̀kan nínú àwọn àmì adinkra ni ẹyẹ tí ó ń lọ síwájú tí ó sì yí ọrùn padà sẹ́yìn. Sankofa ni orúkọ rẹ̀: padà lọ mú un. Àwọn oníṣòwò ń tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ fún àlejò láti gbogbo ayé, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ohunkóhun tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Kùmásì. Ìdílé tí ó bá ní, tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ètò náà. Kí wọ́n lọ jókòó ti ìyá àgbà lálẹ́ òní, kí wọ́n mú bírò dání, kí wọ́n sì béèrè orúkọ àdúgbò náà lọ́wọ́ rẹ̀.